Bẹ́rìn Inú Jẹnẹrétọ̀ Kékeré

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndo, tí iná sì lọ, ohùn jẹnẹrétọ̀ kékeré nì tí àwọn ènìyàn sọ ní “I pass my neighbour” ni a kọ́kọ́ ń gbọ́. Òun ni aránṣọ fi ń ṣiṣẹ́, òun ni onídìrí fi ń jẹun. Nítorí náà, bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, kí baálé ilé má ṣe di etí rẹ̀ sí i.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ọlọ. A ní kò burú, níwọ̀n ìgbà tí iná ṣáà ń tàn. Nígbà tí ó yá, a tú u fúnra wa, a gbé òòlù, a sì lu bẹ́rìn náà tagbáratagbára kí ó lè jáde. Bẹ́rìn kò jáde. Ilé ẹ̀rọ ni ó sán. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìkọ̀tún wò ó, ó mi orí, ó ní: “Bàbá, ẹ má bínú o, ooru ni ẹ bá fi bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òòlù.” Owó ilé ẹ̀rọ mìíràn ju owó bẹ́rìn lọ jìnnà. Ohun tí ó kọ́ wa nìyí.

Bẹ́rìn jẹ́ òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí ọta irin róbótó ń yí ní àárín wọn. Òun ni ó gbé kránkì ró, èyíinì ni ọ̀pá tí ń yí nínú ẹ̀rọ. Ní ọdún 1883 ni Friedrich Fischer, ará Schweinfurt ní ilẹ̀ Jámánì, ṣe ẹ̀rọ tí ń lọ irú ọta bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi ń dọ́gba. Bí bẹ́rìn bá jẹ, kránkì á máa mì, irin tí ń yí á sì fi ara gbo wáyà kọ́pà tí ń mú iná wá, títí yóò fi bàjẹ́.

Bí a ó bá pa á dà, a ó kọ́kọ́ da bẹntiróòlù kúrò, a ó tú ẹ̀rọ náà, a ó yọ rọ́bà etí kránkì, a ó sì fọ ilé ẹ̀rọ títí òórùn epo kò fi ní sí mọ́. Nígbà náà ni a ó gbé ilé ẹ̀rọ nìkan sínú ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì, ní ìwọ̀n ooru Celsius 120, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ nínú ooru tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Ihò á sì tú bẹ́rìn sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, ẹ dojú rẹ̀ kọ pákó, kí ẹ gbá a jẹ́jẹ́. Bẹ́rìn á já bọ́. Bákan náà ni a ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ ìṣeré tí àwọn ọmọ ń fi rédíò darí.

Ẹ ka nọ́ńbà ara ògbólógbòó kí ẹ tó lọ ra tuntun. Ihò 6202 jẹ́ 15 mm, ti 6203 sì jẹ́ 17 mm. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ẹ di tuntun sínú ọ̀rá, kí ẹ fi í sínú fíríìjì mọ́jú kí ó lè súnkì. Ẹ tún ilé ẹ̀rọ mú gbóná, kí ẹ sì fi í wọlé. Bí ó bá gba títì, òrùka òde nìkan ni kí ẹ tì. Bí ẹ bá ti òrùka inú, ara ọta ni agbára náà yóò gbà kọjá, tuntun náà yóò sì ti bàjẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́.

Àìtó ọ́ìlì ni ó ń tètè pa bẹ́rìn, nítorí inú bẹntiróòlù ni a ń po ọ́ìlì ẹ̀rọ yìí mọ́. Bí ìwé ẹ̀rọ bá ní 50 sí 1, mililítà 20 ni ọ́ìlì fún lítà 1. Epo ti wọ́n gidigidi láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣahun ọ́ìlì. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò, ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára. Òòlù wa ti jẹ́rìí sí i.