Ìkùukùu Kò Gbé Àpáta Lọ

Ka Ẹ́kísódù 20:18-21

Ará mi nínú Olúwa, àpáta kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Abẹ́òkúta. Orí rẹ̀ ni mo ti máa ń wo Òkè Olúmọ bí mo bá gun un lọ gbàdúrà ní ìdájí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìkùukùu bo gbogbo ilẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ mi fẹ́ tẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Olúmọ dà? Ó wà níbẹ̀. Àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá rí ààbò lábẹ́ rẹ̀ ní 1830 kò ṣí nípò nítorí pé ojú mi kò tó o.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń lọ sí ìsìn òru ní Redemption Camp ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. A ó délé ní Sátidé, owó ilé kò tíì pé, ara aláìsàn kò tíì yá. A ó wá máa bi ara wa pé, ṣé Ọlọ́run tilẹ̀ gbọ́? Ará, nígbà tí òkùnkùn bo Sínáì, àwọn èèyàn takété. Mósè ní tirẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí inú rẹ̀ ni Ọlọ́run wà. Má ṣe takété. Ìṣísẹ̀ kan tí o rí, gbé e.

Àdúrà: Olúwa, di ọwọ́ mi mú títí ojú ọjọ́ yóò fi là. Àmín.