Ta Ni Yóò Kọ́ Sáfà Ní Àmì Ohùn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan gbígbé ìwé atúmọ̀ èdè sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí a máa ń gbọ́ láàárín ara wa ni pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìyẹn, kí a fi í sílẹ̀ fún wọn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Java, tí ilé iṣẹ́ Sun gbé jáde ní 1995. Ní 1999 ni apá tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ńláńlá dé, tí wọ́n pè ní J2EE. Ó di Java EE, ó sì ń jẹ́ Jakarta EE láti 2018. Sáfà tí ó ń gbé irú iṣẹ́ yìí ró, bíi GlassFish tàbí WildFly, dà bí ọjà Àjàrá: àtíbàbà ti wà, ọlọ́dẹ wà, ẹni tí ń gbálẹ̀ wà, igbá ọjà rẹ nìkan ni ìwọ yóò gbé wá. Framework bíi Spring, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2004, jọ gírámà ní tirẹ̀. Ó ti fi ààyè sílẹ̀, bí gbólóhùn ti ń fi ààyè sílẹ̀ fún olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tí ń kọ ètò kàn ń fi tirẹ̀ há ààyè náà ni. Kí ni ẹ̀rù rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè?

Ibòmíràn ni wàhálà wà. Bí ẹni tí ń kọ ètò kò bá sọ àkójọ lẹ́tà tí ó fẹ́ fún servlet, ISO-8859-1 ni yóò fi fèsì, títí dòní. Lẹ́tà é, è, à àti ç wà nínú àkójọ yẹn. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Ɛ àti ɔ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ kò sí pẹ̀lú. Àmì ìbéèrè ni Java yóò fi dípò wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó fi Faransé nìkan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lè máa rò pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Ta ni nínú wa, àwa ọmọ ilé-ìwé Faransé, tí kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Òmíràn tún wà. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì òkè sí i. Ẹlòmíràn a tẹ é kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú rí ẹ́ kan ṣoṣo, Java rí méjì. Láti Java 6, ní 2006, ni Normalizer ti wà tí ó lè sọ wọ́n di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ohùn nínú Yorùbá kò ní ronú àtipè é. Kàkà bẹ́ẹ̀, yóò pa gbogbo àmì rẹ́, yóò sì ní òun ti tún un ṣe!

Yo_BJ, Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀, wà nínú àkójọ CLDR ti Unicode, ɛ àti ɔ ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Bí ètò Java bá ń wá ọ̀rọ̀ fún yo_BJ tí kò rí fáìlì rẹ̀, yo lásán ni yóò mú, ìyẹn ti Nàìjíríà. Ará Kétu àti ará Ṣábẹ̀ẹ́ yóò kàn rí ohun tí ẹlòmíràn kọ.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a jókòó ti àwọn tí ń kọ ètò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí a tó gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wọn, kí a tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sí i, kí a wò ó bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò padà jáde.