Àárò Kì í Ṣe Ọ̀fẹ́

Ráútà tó ń pín Wi-Fi nínú yàrá yín, tẹlifíṣọ̀n tó lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lo Linux. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tà wọ́n kò san kọ́bọ̀ fún Linux, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé wọn kò jẹ gbèsè. Èrò tèmi ni pé gbèsè wà lọ́rùn wọn, àti pé ẹni tó ra ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ oko ṣàlàyé. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ Yorùbá máa ń ṣe àárò. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò para pọ̀. Lónìí, gbogbo wọn yóò kọ ebè ní oko ẹnì kan. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn yóò lọ sí oko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ti bá ṣiṣẹ́, tí kò wá yọjú sí oko àwọn yòókù, ti rẹ́ wọn jẹ. Kò lè sọ pé, "Ṣebí ọ̀fẹ́ ni."

Bí ọ̀rọ̀ Linux ṣe rí nìyẹn. Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ní ọdún 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ tí a ń pè ní GPL, èyí tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1989. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti fi ọwọ́ kún iṣẹ́ náà. GPL sọ pé ẹnikẹ́ni lè lo iṣẹ́ wọn, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pín in fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún rí kóòdù rẹ̀ gbà.

Kí ni kóòdù? Òun ni ohun tí ènìyàn kọ, tí ènìyàn sì lè kà. Kí ẹ̀rọ tó lè lò ó, wọ́n máa ń yí i padà sí èdè ẹ̀rọ. Ó dà bí ìgbà tí a sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí: ẹni tó ní gàrí nìkan lọ́wọ́ kò lè sọ ọ́ di ẹ̀gẹ́ padà. Bákan náà, ẹni tó ní ẹ̀rọ láìní kóòdù kò lè tún sọ́fítíwíà inú rẹ̀ ṣe dáadáa.

Ohun tí ìwé àṣẹ náà ń béèrè kò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ lè fi kóòdù pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, tàbí kí ó fi ìwé ìlérí sínú páálí pé, fún ọdún 3 ó kéré tán, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè yóò rí i gbà, kò sì ní san ju iye tí wọ́n ná láti fi ránṣẹ́ lọ. Sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ náà kọ fúnra rẹ̀, tó sì dá dúró lọ́tọ̀, kò sí lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé wọ́n fẹ́ gba àṣírí òun kò sọ òótọ́ tán.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Ní ọdún 2003, àwọn tó mọ Linux rí i pé ó wà nínú ráútà WRT54G tí Linksys ń tà, ṣùgbọ́n wọn kò rí kóòdù rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni Cisco ra Linksys. Wọ́n béèrè, wọ́n tẹnu mọ́ ọn, kóòdù sì jáde kí ọdún náà tó parí. Ní ọdún 2004, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni gbé OpenWrt kalẹ̀ láti ara kóòdù yẹn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ráútà tí àwọn tó ṣe é ti pa tì ṣì ń rí àtúnṣe gbà nípasẹ̀ OpenWrt. Láìsí bẹ́ẹ̀, ààtàn ni wọn ìbá wà, tàbí kí wọ́n wà nílé bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń sọ pé àwọn kọ́ ló kọ sọ́fítíwíà náà. Ẹni tó ṣe ṣípù, tàbí ẹni tó bá wọn to ẹ̀rọ, ló fún wọn bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí, tó sì ń gba owó, ló yẹ kó béèrè kóòdù lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó gbé e wá sọ́jà.

Ta ló wá lè bá wọn ṣẹjọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó kọ kóòdù ló ń ṣe é. Ní ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ kan ní Munich, ní Jámánì, dá Harald Welte láre lórí ilé-iṣẹ́ Sitecom. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Free Software Foundation pe Cisco lẹ́jọ́ lórí àwọn ọjà Linksys. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ kóòdù lè máà lówó agbẹjọ́rò, ó sì lè ti kú. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ tí Software Freedom Conservancy pe Vizio ní California, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, fi ṣe pàtàkì. Àjọ náà wá gẹ́gẹ́ bí oníbàárà tó ra tẹlifíṣọ̀n. Kò béèrè owó ìtanràn; kóòdù ló béèrè.

Mo gbà pé ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Nínú àárò, ẹni tí ebè oko rẹ̀ kò kọ ni ìyà jẹ. Òun náà ló yẹ kó lè sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé, bí gbogbo oníbàárà bá lè pe ẹjọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ yóò sá fún Linux. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti gbé kóòdù sórí íntánẹ́ẹ̀tì ju kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ń jà, bíi ká kú kọ́: kí a kọ́kọ́ béèrè pẹ̀lú sùúrù, kí ilé-ẹjọ́ gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ má sọ ìwé pẹlẹbẹ inú páálí nù. Ẹ wò ó bóyá orúkọ GPL wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì béèrè kóòdù. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ kò tọrọ nǹkan. Oko ti kan yín ni.