Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọlọ́kọ̀ dọ̀tí díẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejìlá ni, a ń fi ọkọ̀ ojú omi wa ti Ìlàṣẹ bọ̀: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́rin. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá èbúté Àpápá, a ti bọ́ sójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akókọ̀ǹténà ń gbà ti òkun wọlé, ni ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé fíììì. Mo wo aago tó ń sọ bó ṣe gbóná tó, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ pupa. Mo pa á. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni. Mi ò mọ ohun tó dé. Ọkọ̀ náà ti pé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlọ́gbọ̀n, àlòkù tó ṣì rẹwà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti rà á, mi ò ṣí ojú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò rí. Bàbá apẹja kan ló ju okùn sí wa. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, òun ló sì fà wá dé Ìkòyí.

Mẹkáníìkì tó wá lọ́jọ́ kejì ní ìmpẹ́là ló jẹ. Ìmpẹ́là kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Rọ́bà róbótó ni, ó wọ àtẹ́lẹwọ́, tèmi ní ìyẹ́ mẹ́fà bí òdòdó. Òun ló ń fa omi ọ̀sà wọlé láti fi tu ẹ́ńjìnnì lára, kí omi náà tó bá èéfín jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Bí omi bá dá lẹ́nu rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kì í pẹ́ jóná, ìyẹ́ rẹ̀ á sì já. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan ṣoṣo ló lẹ̀ mọ́ ihò tí omi tiwa ń gbà wọlé. Ọkùnrin náà pààrọ̀ rọ́bà, ó gbowó, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì tún gbóná.

Inú bí mi débi pé mo wọ ṣòkòtò àtijọ́ kan, mo sì dọ̀bálẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì fúnra mi. Ìmpẹ́là tó kọ́kọ́ bàjẹ́ ṣì wà nínú ọ̀rá tí ọkùnrin náà fi í sí. Mo ka ìyẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin. Mo tún un kà. Níbo wá ni méjì yòókù wà? Rọ́bà kì í yọ́ bí iyọ̀. Mo fi ìka tọ rọ́bà omi lọ títí dé ẹnu ohun tó dúró fún rédíétọ̀ nínú ọkọ̀ omi, mo tú u, mo tanná sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n wà, dúdú kirimú, wọ́n há sẹ́nu àwọn ihò wẹ́wẹ́ bí ẹran tó há séyín. Ẹ̀mú tí ìyàwó mi fi ń fa irun ojú ni mo fi yọ wọ́n. Ọmọ ìka mi méjì ṣẹ̀jẹ̀, inú mi sì dùn ju ọjọ́ tí mo ra ọkọ̀ lọ.

Ohun tó ń ṣe àwa ọlọ́kọ̀ Èkó ni pé bówó bá ti dé, ọwọ́ wa kì í fẹ́ kan sípánà mọ́. "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má ba aṣọ yín jẹ́." A ó sì fi sílẹ̀. Bí mọ́tò bá kú lójú títì, ẹ ó sọ̀, ẹ ó dúró sábẹ́ igi, ẹ ó pe ẹni tí yóò wá. Lórí omi, níbo lẹ fẹ́ sọ̀ sí?

Ọ̀sà Èkó pàápàá kì í dúró sójú kan. Lásìkò òjò, odò Ògùn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á da omi tí kò níyọ̀ sínú rẹ̀, ewéko elódòdó àlùkò yẹn á sì bò ó. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni, ó sì mọ bí a ti í dí ihò omi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iyọ̀ òkun á wọlé, á pa ewéko, á wá kọjú sí irin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de síńkì mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, kí omi iyọ̀ jẹ ìyẹn, kó fi irin gidi sílẹ̀. Láti 1824 ni Humphry Davy ti gbé irú ọgbọ́n yìí kalẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi bàbà bò nídìí. Ẹbọ ni mo máa ń pè é, ìyàwó mi tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí síńkì náà bá ti jẹ dé ìdajì, mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Rárá o. Mi ò fọwọ́ kan pọ́ǹpù tó ń fún dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, mo mọ ibi tágbára mi mọ. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ ń lo epo bẹntiróòlù tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù mí lọ, torí oru epo náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí, iná táṣẹ́rẹ́ kan sì tó o. Mẹkáníìkì mi àná náà ṣì ń wá. Ó kàn jẹ́ pé mo máa ń dúró tì í báyìí, ó sì mọ̀ pé mo máa ń ka ìyẹ́.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń fúnni níwèé àṣẹ ìtukọ̀ afẹ́, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè orí ìwé. Màá mú un lọ sójú omi tó ń rú díẹ̀, màá gbé ìmpẹ́là tuntun lé e lọ́wọ́, màá sì wo aago mi.

Bí mo bá ti tan ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìyàwó mi kì í tíì jókòó. Á lọ sẹ́yìn ọkọ̀, á di irin mú, á na ọrùn wo ibi tí èéfín ń gbà jáde.

"Bàbá Ìbejì, omi ń jáde o."

Ìgbà náà ni mo máa ń tú okùn.