Okùn kò yẹ ọkọ̀ tó kú lójú ọ̀nà Àgbádárìgì mọ́

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì mu, pàápàá láti Ọ̀jọ́ dé Ìyànà Ìba títí lọ dé Òkòkòmáíkò. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan bá kú sáàárín títì níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí àwọn géńdé yóò fi yọ, tí ọ̀kan nínú wọn yóò sì fa okùn jáde lábẹ́ ìjókòó dánfó. Wọn yóò so okùn náà mọ́ ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà lábẹ́ imú ọkọ̀, wọn yóò ní kí ọlọ́kọ̀ wọlé kó di sítíárìn mú, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ. Àánú ló ń ṣe ẹlòmíràn tó bá ń ṣe èyí, owó ni ẹlòmíràn ń wá. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ́ lónìí kì í ṣe irú èyí tí okùn bá mu láyé àtijọ́.

Àwọn tó ti dàgbà kò ní gbàgbé ìdí tí wọ́n fi ń pe ibùdókọ̀ kan ní Ọ̀jọ́ ní Volkswagen. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975, tí ọkọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìjàpá sì ń jáde níbẹ̀. Olùkọ́ gun Ìjàpá, nọ́ọ̀sì gùn ún, oníṣòwò kòkó náà gùn ún. Bí Ìjàpá bá kú, ènìyàn mẹ́ta á tì í, á gbiná. Bí kò bá gbiná, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Jíà ọwọ́ ni Ìjàpá ń lò. Agbára apá awakọ̀ ló ń yí sítíárìn rẹ̀, agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ ló sì ń dá búréèkì rẹ̀ dúró. Ẹ́ńjìnnì kò dá sí ọ̀rọ̀ méjèèjì rárá. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ o, bí kò ṣiṣẹ́ o, sítíárìn àti búréèkì Ìjàpá kò yí padà. Imú rẹ̀ yípo sókè, irin gidi sì ni bọ́ńpà rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń gùn nísinsìnyí yàtọ̀ pátápátá. Toyota Camry, Honda Accord àti àwọn Mercedes tòkunbọ̀ tó kún ọ̀nà Àgbádárìgì, ọtomátíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti ilẹ̀ dé abẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Àgbàlagbà tó bá na ọwọ́ rẹ̀ láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín ti kọjá ìyẹn. Bí sípírìn bá ti rẹ̀, tàbí tí ẹrù bá kún búùtù, àyè náà tún dín kù sí i. Ike ni bọ́ńpà rẹ̀. Ẹ̀yìn bọ́ńpà yìí ni rediétọ̀ wà, àwo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì wà nísàlẹ̀ níbi tí kòtò kan ṣoṣo ti lè lù ú. Okùn tí wọ́n so síbi tí kò yẹ lè fa bọ́ńpà ya, ó lè tẹ rediétọ̀, ó sì lè wọ́ irin tó ń darí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ńpà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹ́ńjìnnì ló ń ran búréèkì ọkọ̀ òde òní lọ́wọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, awakọ̀ lè tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó ṣì dáhùn dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò le bí òkúta, àfi ẹni tó bá fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni sítíárìn yóò wúwo. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì yọ kọ́kọ́rọ́, sítíárìn lè tì pa sójú kan, ọkọ̀ kò ní yà sọ́tùn-ún tàbí sósì mọ́. Kí ènìyàn fojú inú wo bàbá ẹni àádọ́rin ọdún kan tó ń bọ̀ láti Àgbárá, tó jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí dánfó ń fà á pẹ̀lú okùn tí kò gùn ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹ̀yìn dánfó nìkan ni bàbá ń rí. Awakọ̀ dánfó rí kòtò, ó yà. Bàbá kò rí i títí tó fi já sínú rẹ̀. Awakọ̀ dánfó tẹ búréèkì nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ sọdá lẹ́nu ọ̀nà LASU. Kí ni bàbá yóò fi dá ọkọ̀ tirẹ̀ dúró?

Okùn fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Bí ọkọ̀ iwájú bá ṣí lójijì, okùn á nà tantan. Bó bá já, ó máa ń fò padà pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ gíláàsì, tó sì lè ṣe ẹni tó dúró nítòsí léṣe. Àwọn tó ń sọdá kì í sì í tètè rí okùn láàárín ọkọ̀ méjì, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ti jíà ọtomátíìkì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló ń ti ọ́ìlì kiri inú jíà yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọ́ìlì dúró. Bí wọ́n bá wá ń wọ́ ọkọ̀ náà, tí ẹsẹ̀ tó ń gba agbára láti inú jíà ń yí nílẹ̀, irin á máa lọ irin láìsí ọ́ìlì tó tó, á sì máa gbóná. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé pọ́ńpù epo lásán ló dá a dúró lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù jíà. Owó tí ọlọ́kọ̀ sá fún lọ́dọ̀ onítówìn, ìlọ́po rẹ̀ ni yóò san fún jíà tòkunbọ̀. Títì pàápàá kò wúlò: ọkọ̀ ọtomátíìkì kì í gbiná nípa títì, kódà bí gbogbo géńdé Alábà bá kó agbára wọn jọ.

Ohun tó yẹ irú ọkọ̀ yìí ni ọkọ̀ tówìn tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀. Èyí tó ń gbé imú nìkan kò dára tó fún ọkọ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀, nítorí bí imú ṣe ń lọ sókè ni ìdí ń lọ sílẹ̀, tí bọ́ńpà ẹ̀yìn àti sàlẹ́ńsà á máa ha títì. Bó bá di dandan, àfi kó jẹ́ èyí tó ń gbá táyà mú, kì í ṣe èyí tó ń fi ṣéènì kọ́ bọ́ńpà, kó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń gba agbára jíà ni wọ́n gbé: iwájú fún Camry àti Accord, ẹ̀yìn fún ọ̀pọ̀ Mercedes.

Gígun orí tówìn pẹrẹsẹ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń kánjú ti ń ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá sọ ẹ̀yìn tówìn kalẹ̀, ó dà bí òkè. Imú ọkọ̀ tó wálẹ̀ á kọ́kọ́ gún un kí táyà tó débẹ̀. Pákó ló ń tún èyí ṣe. Pákó méjì tó nípọn tó sì gùn, tí wọ́n tẹ́ síwájú táyà méjèèjì, á jẹ́ kí òkè náà rọ̀, ọkọ̀ á sì máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Táyà tó bá jò, kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, nítorí ọkọ̀ tó wálẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí táyà rẹ̀ bá tún jò, ó ti dùbúlẹ̀ nìyẹn. Wáyà tí yóò fà á gòkè, ibi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ dìídì ṣe sílẹ̀ fún un ni kí wọ́n kọ́ ọ sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní irin olójú kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú búùtù níbi tí jáàkì wà. Ìdérí kékeré kan wà lára bọ́ńpà tí wọ́n á ṣí, tí wọ́n á sì yí irin náà wọ inú ihò rẹ̀ títí yóò fi le dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn tó ra tòkunbọ̀ kò tíì yẹ búùtù wò rí bóyá irin náà ṣì wà níbẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kú ni wọ́n á mọ̀.

Kí wáyà tó fa ọkọ̀, jíà gbọ́dọ̀ wà ní N, kí búréèkì ọwọ́ sì ti sílẹ̀. Bí bátìrì bá kú, jíà lè kọ̀ láti kúrò ní P. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ tẹ inú ihò náà, tí wọ́n tẹ búréèkì, jíà á yọ̀. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń fi bọ́tìnnì fa búréèkì ọwọ́ sábà máa ń nílò iná láti ara bátìrì mìíràn kí búréèkì náà tó sílẹ̀. Onítówìn tí kò bá fẹ́ gbọ́ èyí, tó ní òun yóò fi agbára fà á bẹ́ẹ̀, kí ọlọ́kọ̀ jẹ́ kó máa lọ. Bí ọkọ̀ bá ti gòkè, táyà ni kí wọ́n fi bẹ́líìtì dè mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀.

Ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn. Ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Babátúndé Fáṣọlá gbé iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà náà jáde, pẹ̀lú ojú irin láti Marina dé Òkòkòmáíkò. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, Mile 2 ló sì kọ́kọ́ mọ. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn awakọ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìba fara da kòtò, omi òjò àti ọ̀nà tí wọ́n ń yí padà lemọ́lemọ́. Níbi tí ọ̀nà bá ti há, ọkọ̀ kan tó kú á di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fèrè á máa dún, èébú á máa rọ̀ bí òjò. Ìkánjú yìí gan-an ló ń mú kí ọlọ́kọ̀ gba okùn. Kò yẹ kó gbà. Kí ó tan iná ìkìlọ̀, kí ó gbé C-caution sẹ́yìn ní bíi àádọ́ta ìṣísẹ̀, kí ó kó àwọn tó gbé kúrò nínú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ó sì pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ọkọ̀ bá wà láàárín títì, kí wọ́n fi jíà sí N, kí ẹnì kan di sítíárìn mú, kí àwọn tó kù rọra tì í dé ẹ̀gbẹ́. Títì náà kò gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Láti ọdún 2000 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti dá LASTMA sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa rí ọ̀nà lọ. Ó yẹ kí tówìn pẹrẹsẹ tó ní pákó àti bẹ́líìtì máa wà ní sẹpẹ́ láàárín Volkswagen àti Òkòkòmáíkò, tọ̀sán-tòru, kí iye owó rẹ̀ sì wà lára pátákó gàdàgbà ní Ìyànà Ìba níbi tí arúgbó yóò ti rí i kà. Ẹ̀rù owó tí kò ní iye ló ń lé ènìyàn lọ sọ́dọ̀ olókùn. Àwọn kan á ní okùn ni agbára mẹ̀kúnnù ká. Mẹ̀kúnnù yìí kan náà ni kò ní owó jíà, tí kò sì ní owó ilé ìwòsàn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ìjọba ìdàgbàsókè Ìba náà lè wá àyè tó tẹ́jú kan sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n á ti máa gbé ọkọ̀ láìdí ọ̀nà.

Kí ọlọ́kọ̀ tó jẹ́ kí onítówìn kankan fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀, kí ó wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí wọ́n jọ fẹnu kò sí iye owó àti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ. Bí fóònù rẹ̀ bá lè ya fọ́tò, kí ó ya imú ọkọ̀ náà síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà àti àwo ọ́ìlì kí onítówìn tó lọ.