Ẹ jẹ́ ká fọ wọ́tàmẹ́lọ̀n kí ọ̀bẹ tó kàn án

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ọ̀gbìn àti Oúnjẹ, Ìpínlẹ̀ Èkó, Aláùsá, Ìkẹjà

Láti ọ́fíìsì yín dé Ọmọ́le kò jìnnà, ẹ sì mọ bárò tó ń ta wọ́tàmẹ́lọ̀n lójú ọ̀nà yẹn: ègé pupa nínú ọ̀rá, ọ̀bẹ kan, ike omi kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà láti àárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó bá délẹ̀, ẹni tó ń ti bárò ló rọrùn láti lé. Èmi ò sọ pé kò lẹ́bi. Àmọ́ ibi tó yẹ kí owó ìjọba kọ́kọ́ lọ ni ibi tí ọkọ̀ ti ń já èso náà sílẹ̀ ní Mile 12 àti Kétu, kí wọ́n fi omi tó mọ́ fọ èèpo rẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè ní ta ló ń jẹ èèpo. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ara èèpo ni ọ̀bẹ ń gbà wọnú. Orí ilẹ̀ ni wọ́tàmẹ́lọ̀n ń wà láti ìgbà tó bá ti so. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú èyí tí à ń jẹ l'Ékòó ti ń bọ̀, nínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n tó tún dà á sílẹ̀ ọjà. Ẹrẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹran tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀bẹ á wọ́ ọ wọnú. Inú rẹ̀ kò sì kan bíi ti ọsàn tí kòkòrò àìfojúrí á fi sá. Omi àti ṣúgà ló kún ibẹ̀, oòrùn Ìkẹjà á wá ṣe ìyókù. Ìdí nìyẹn tí ìlànà oúnjẹ Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n tọ́jú ègé irú èso yìí sínú òtútù tí kò ju 5°C lọ, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹran àti mílíìkì.

Lọ́dún 2011, kòkòrò Listeria gba ara cantaloupe, tó jẹ́ ìbátan wọ́tàmẹ́lọ̀n, wọlé sáwọn èèyàn lára ní Amẹ́ríkà: 147 ló ṣàìsàn ní ìpínlẹ̀ 28, 33 sì kú. Oko kan ní Colorado ni èso náà ti wá. Nígbà tí ìjọba yẹ ibẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á lójú pópó ni wọ́n ti rí ìdí ọ̀rọ̀, ilé tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ń dì í ni: omi dúró sórí ilẹ̀, ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣòro fọ̀, wọn ò sì mú ooru oko kúrò lára èso kí wọ́n tó kó o sínú òtútù. Àwọn àgbẹ̀ ìlú Rocky Ford, ní ìpínlẹ̀ kan náà, tí oko wọn jìnnà síbẹ̀, jẹ gbèsè ohun tí wọn ò rà, torí orúkọ ìlú wọn ló wà lára èso náà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì tún ìlànà fífọ̀ àti dídì ṣe, kí oníbàárà tó lè padà.

Ẹlòmíì á ní èèpo cantaloupe rí ṣákiṣàki, tiwa ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ló jẹ́ kí tiwa rọrùn láti fọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ló le jù: ẹni tó bá sanwó omi á fi kún owó ọjà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún omi náà, kó má di owó orí tuntun lọ́rùn alágbàtà. Ní ti àwọn tó ń sọ pé ìdọ̀tí ti mọ́ wa lára, àrùn onígbáméjì ṣọṣẹ́ l'Ékòó lọ́dún 2024, ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣòfẹ́ tí Mile 12 àti Kétu wà nínú rẹ̀ sì wà lára ibi tó ti jà. Èmi ò sọ pé wọ́tàmẹ́lọ̀n ló fà á. Omi tó dọ̀tí ni mo ń sọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: pèpéle kọnkéré tí wọ́n á máa já èso lé, omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi chlorine sí níwọ̀n, àti yìnyín olówó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń gé e tà. Ẹ fi irú rẹ̀ kún ibùdó oúnjẹ ìjọba ní Ẹ̀pẹ́ náà. Kó jẹ́ omi tó ń ṣàn o, kì í ṣe agbada kan tí gbogbo èso á máa wẹ̀ nínú rẹ̀, torí èyí tó dọ̀tí á kó bá èyí tó mọ́. Kí wọ́n sì la gọ́tà tó dáa fún omi tó bá ti ara èso ṣàn kúrò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé Ọmọ́le