Ta ló yẹ orúnkún ọmọ náà wò?

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 9, já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa. Kì í ṣe ọ̀kadà o, kì í ṣe mọ́tò, kẹ̀kẹ́ ọmọdé lásán ni. Kí wákàtí mẹ́ta tó pé, orúnkún rẹ̀ ti wú, kò sì lè fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀.

A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ẹni tó jókòó nídìí káńtà ò tiẹ̀ dìde. Ó ní ká lọ san ₦150,000 àsansílẹ̀ ná. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò tó ìdajì ẹ̀. Mo ní òfin ò fàyè gba ohun tí wọ́n ń ṣe yìí. Ó dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, èyí kì í ṣe pàjáwìrì, orúnkún ló kàn wú."

Ìwé òfin ni mo kà, mi ò kí ń ṣe dókítà. Àmọ́ ta ló yẹ orúnkún yẹn wò kó tó mọ̀ pé kì í ṣe pàjáwìrì?

Orúnkún ọmọdé kì í ṣe orúnkún àgbà tí wọ́n gé kúrú. Lára àgbà, iṣan tó so eegun mọ́ eegun ló sábà máa ń já. Lára ọmọdé, iṣan yẹn lè lágbára ju eegun tó so mọ́ lọ, á wá fa èérún eegun yọ. Jíjá bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tó máa ń fà á. Ẹ̀jẹ̀ á kún inú oríkèé, orúnkún á sì wú kíákíá. X-ray lè fi eegun tó yọ hàn, àmọ́ kì í fi iṣan tó fàya hàn. MRI ló ń ṣe ìyẹn. Ibi tí eegun ti ń gùn sí i náà tún wà lókè orúnkún àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn tí ẹsẹ̀ ọmọ ń ní, àyíká orúnkún ló ti ń wá. Tó bá kán níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lè kúrú ju èkejì lọ, tàbí kó wọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá. Tí eegun tó kán bá ṣe é léṣe, ẹsẹ̀ á tutù, á máa kú tipiri. Ọ̀rọ̀ wákàtí nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà kó tó mọ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

Abala 20 òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọdún 2014, ní ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìyà ẹ̀ ni ₦100,000 owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. (Ẹ ṣe ìṣirò yẹn: owó ìtanràn ò tó owó tí wọ́n ní ká san.) Tí ẹni tó ń gbowó bá láṣẹ láti pe nǹkan ní "kì í ṣe pàjáwìrì" láti ìdí káńtà, kí wá ni òfin náà wúlò fún?

Mo mọ̀ pé àwọn aládàáni náà á ní ta ló máa san án. Ìbéèrè gidi ni. Òfin kan náà ló ya ìdá 5 nínú 100 owó àkànṣe ètò ìlera sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìjọba ni kí wọ́n lọ bi léèrè, kì í ṣe ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ìyá ẹ̀.

Ìyá wa ní ká kúkú gbé e lọ bá bàbá tó ń to eegun. Mi ò bá wọn jà. Bàbá yẹn ò ní kí ẹnikẹ́ni san àsansílẹ̀, á sì jáde wá pàdé wa. Àmọ́ tó bá fi igi àti aṣọ di orúnkún tó ń wú lọ́wọ́ pinpin, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù pé dókítà á gé ẹsẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ síbẹ̀, ìdì pinpin yẹn ló sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ di gígé.

Ilé ìwòsàn ìjọba la sùn sí mọ́jú. X-ray fi hàn pé èérún eegun kan ti yọ nínú orúnkún. Wọ́n dì í ní POP. Wọ́n ti tú u báyìí, àmọ́ ẹsẹ̀ náà ò tíì nà tán. Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ yẹn, mo tọ́ka sí abala 20. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, wọn ò tíì fèsì.